Àwòrán Dúdú-Funfun Tí Mo Fi Irun Ẹṣin Hun

Yasna ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú òtútù Santiago tí kò tíì tán, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tí mo ń gbàdúrà lé lórí ní àràárọ̀, nítorí inú ilẹ̀ kì í ṣe ibi tí alààyè ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Wúńdíá Màríà ti Karmeli á máa ṣọ́ ọ lókè, á sì máa ṣọ́ ọ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ara mi le, ojú nìkan ló ń ṣe bàìbàì. Igi píìṣì ẹ̀yìnkùlé ti yọ òdòdó, adìẹ pupa pa ọmọ mẹ́jọ, ajá Don Nibaldo oníṣọ́ọ̀bù sì ti gbé ọ̀kan jẹ.

Ọ̀rọ̀ tó mú kí n kọ̀wé nìyí. Ní ìparí oṣù Kẹjọ, wọ́n lẹ ìwé ńlá kan mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Don Nibaldo nípa àríyá ìgbà ìrúwé tí ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ ṣe ní gbàgede. Wọ́n ní eré ọmọlangidi á wà, ìdíje ijó kuéka á wà, àwọn olórin tó ń fi orin bú ara wọn lójú ẹsẹ̀ á wà, àwa oníṣẹ́ ọnà á sì ní àyè mẹ́rìnlá láti pàtẹ. O mọ̀ pé láti ọdún méjì, àwọn tó ń ra labalábá àti òdòdó tí mo fi irun ìrù ẹṣin hun kò gba abúlé wa mọ́. Mo ti sọ fún ara mi pé bí n kò bá rí àyè nínú pàtẹ yìí, mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́ tí ìyá mi fi tọ́ mi, tí èmi náà fi rán ọ lọ sílé ìwé, ó tán nìyẹn.

Nísàlẹ̀ ìwé náà, àwòrán onígun mẹ́rin kan wà, dúdú àti funfun, wínníwínní, wọ́n sì kọ ọ́ pé kí oníṣẹ́ ọnà fi èyí forúkọ sílẹ̀ kó tó di ìparí ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹsàn-án. Inú mi dùn, ọmọ mi. Mo ní ìjọba wa ti gbọ́n wàyí, wọn ò béèrè ìwé ẹ̀rí, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń dán ènìyàn wò. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn náà, mo ń ka ojú dúdú, mo ń ka ojú funfun, mo ń dà á kọ sínú ìwé, títí Don Nibaldo fi béèrè bóyá mo fẹ́ ra ilẹ̀kùn náà ni. Doña Rosalba ń kọjá lọ, òun tó ń hun irun ẹṣin bíi tèmi, tí a kì í sì í kí ara wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀. Ó ní, ìwọ Edelmira, ọmọ mi obìnrin ti bá mi tẹ nǹkan kan lórí fóònù, wọ́n ti kọ orúkọ mi, ìwọ dúró síbẹ̀ kí o máa ka èèrà. Mo sọ nínú ara mi pé ọ̀nà ẹ̀bùrú lèyí gbà, ẹni tó bá mọṣẹ́ á jókòó hun ún.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi hun ún, ó sì di ọjọ́ kẹfà oṣù kí n tó parí, mo ní ọjọ́ kan ò lè pa wọ́n. Mo wé e sínú aṣọ, mo gbé e lọ bá ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ingrid ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ó ní Màmá, kí lẹ gbé wá yìí? Mo ní ìforúkọsílẹ̀ mi ni. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, ó rọra ṣàlàyé fún mi pé fóònù ni wọ́n fi ń ka àwòrán náà, wọn kì í hun ún, àti pé àná ni ìforúkọsílẹ̀ ti parí. Ojú tì mí bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu. Ó wá gbé fóònù rẹ̀ sókè iṣẹ́ mi, bóyá kó lè fi tù mí nínú ni, fóònù sì dún pí, ètò àríyá náà ṣí lójú rẹ̀! Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sún mọ́ wa. Ó kà á sókè, àwọn eré, ọjọ́ wọn, orúkọ oníṣẹ́ ọnà mẹ́rìnlá. Ti Rosalba wà níbẹ̀, tèmi kò sí. Yasna, ilẹ̀kùn tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn ló ṣí, àwọn ẹlòmíì ló wà nínú ilé. Ingrid lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó padà wá, ó ní kò sí àyè mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà gbàgede dípò ti bébà. Mo gbà fún wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé tí àríyá bẹ̀rẹ̀, mo wọ búláòsì mi tó dára, mo dúró tì í láti àárọ̀. Àwọn èrò á dé, wọ́n á gbé fóònù sókè, á dún pí, wọ́n á wọlé lọ síbi ọmọlangidi. Wọ́n lé ní igba, kò sẹ́ni tó wo irun náà. Ó dùn mí dé eegun, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já a lára ògiri kí n máa gbé e lọ sílé.

Ìgbà náà ni Rosalba dé, ó fi pàtẹ rẹ̀ sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ó yọ ìwé ètò tí wọ́n tẹ àwòrán náà sí lápò, ó na imú mọ́ iṣẹ́ mi, ó ń fi ìka kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí ẹmpanáda ẹlẹ́ran tó fẹ́ jẹ fi tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Edelmira, ìlà kọkàndínlógún, o fi dúdú síbi tó yẹ kó jẹ́ funfun, agídí rẹ ò sì ní jẹ́ kí o gbà. Ọmọ mi, omi bọ́ lójú mi, inú mi dùn ju kí wọ́n fún mi ní àyè lọ. A jọ pín ẹmpanáda náà jẹ. Lọ́jọ́ kejì mo kó labalábá mi sórí tábìlì rẹ̀, mo sì ta mẹ́fà.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá péṣò ránṣẹ́ kí n fi ra irun ìrù ẹṣin funfun. Má fi sínú fóònù mọ́ o. Èyí tí o ní o fi síbẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo tú ẹ̀yìn fóònù, bátìrì nìkan ni mo bá. Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì ni kí o fún. Ingrid ní kí n má fọwọ́ kan iṣẹ́ náà mọ́, pé fóònù kò rí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Mo ní fóònù lè gbà á, èmi ò gbà á. Mo ti ń tú ìlà kọkàndínlógún.

Ọlọ́run á jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ tìrẹ náà rí ẹni tí yóò tẹjú mọ́ ọn, ẹni tí yóò rí àṣìṣe rẹ, tí yóò sì bá ọ jẹun. Àmín.

Ìyá rẹ,
Edelmira