Bàbá Tó Ń Dá Tírélà Dúró ní Austell

Ẹ kú ilé o, Màmá. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àìsùn. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, mo kí Bọ̀ọ̀dá Kúnlé, mo fẹ́ wí pé Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé, ọmọ yín ọkùnrin tí yóò ka ìwé yìí sókè. Mo sì kí gbogbo ẹ̀yin aládùúgbò tí ẹ jókòó yí Màmá ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ẹ ń wò wọ́n bí ẹni ń wo opó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ nu omijé yín nù. Kò sí ẹni tó kú.

Ẹ ó máa bi ara yín pé ta ló ń sọ̀rọ̀. Èmi ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olóyè Alága Àgbà Pátápátá fún Ẹgbẹ́ Afẹ̀yìntì-Má-Sùn, ẹgbẹ́ gbogbo àgbà tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ní Atlanta àti agbègbè rẹ̀, láti Austell títí dé Conyers. Orúkọ mi gùn, bébà yóò tán kí n tó kọ ọ́ tán. Ẹgbẹ́ wa ló ní kí n kọ lẹ́tà gbangba yìí, torí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. A gbọ́ pé ẹ ní ọkọ yín ti kú ní Amẹ́ríkà, pé ńṣe là ń fi pa mọ́ fún yín. A gbọ́ pé ẹ kì í gbé fóònù ilé ọmọ yín mọ́. A tún gbọ́ pé ẹ ní àfi kí ẹ rí ẹsẹ̀ Bàbá méjèèjì lórí ilẹ̀ Ọ̀fà kí oṣù yìí tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aṣọ ọ̀fọ̀ yá.

Màmá, bí ẹ bá dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí, Bàbá yóò fi iṣẹ́ tó sọ wọ́n di ènìyàn padà sílẹ̀, wọn á wọ bàálù. Wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ to ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin gan-an mọ irú ènìyàn tí Bàbá jẹ́ nílé. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi ṣe gáàdì rélùwéè. Bí wọn kò bá fọn fèrè, tí wọn kò ju àsíá aláwọ̀ ewé, kò sí ọkọ̀ tó lè gbéra. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìntì, ọmọ yín obìnrin ní kí wọ́n wá sọ́dọ̀ òun ní Austell, kí wọ́n wá sinmi. Ìsinmi náà ló fẹ́ pa wọ́n.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ yín ti jáde lọ sí warehouse, ilé ìkẹ́rùsí ńlá tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Union City. Àwọn ọmọ á lọ sílé ìwé. Ó ku Bàbá àti tẹlifíṣọ̀n tó ń fi imú sọ̀rọ̀. Àwọn aládùúgbò dára o, wọn á gbé ọwọ́ sókè kí ènìyàn, wọn á sì ti ilẹ̀kùn. Òtútù ibí kò jọ ọyẹ́ tiwa. Ọyẹ́ máa ń sá tí oòrùn bá yọ. Èyí ń bá oòrùn jókòó pọ̀ ni. Ibi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ ojú irin kò jìnnà sílé, Bàbá á jókòó sẹ́bàá fèrèsé, wọn á máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń so wágùnù mọ́ wágùnù, gbàgà! Wọn á ní èyí kò wọlé dáadáa, kí wọ́n tún un ṣe. Nígbà tó yá, wágùnù á dún gbàgà, Bàbá á kàn fa kọ́tìnì dí fèrèsé. Ẹ̀rù wá ń bà wá.

Tí ẹ bá pè, wọn á ju ọwọ́ pé àwọn kò gbà á. Ọmọ yín bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ sọ. Pé àwọn jí, àwọn jẹun, àwọn jókòó? Pé lẹ́yìn èyí àwọn tún jókòó?

Wàyí o, ọmọkùnrin kan wà nínú ilé náà, Dàmọ́lá, ọmọ ọmọ yín, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìgbìmọ̀ wa ti wádìí rẹ̀ dáadáa. Ọmọ náà rẹwà, ó láàánú, ó sì gbọ́n. Ìwé nìkan ni kò fi bẹ́ẹ̀ bá a mu. Ẹ̀bùn rẹ̀ ni pé ó lè fi ohùn ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀: ohùn pásítọ̀, ohùn ìyá rẹ̀, títí kan ohùn ọkọ̀ ọlọ́pàá. Ó ti fi ohùn ọ̀gá ilé ìwé wọn kéde lórí ẹ̀rọ pé kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé, wọ́n sì lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi lé e. Ẹgbẹ́ wa kò gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni.

Lọ́jọ́ kan fóònù dún, Bàbá ju ọwọ́, ọmọ náà gbé e. Ó fẹ́ sọ pé Bàbá wà ní balùwẹ̀. Ẹ kò jẹ́ kó sọ ọ́. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè bóyá ọkọ yín ń ṣàìsàn ni, tàbí ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ wọ́n, kí lẹ ṣe tí wọn kò fi fẹ́ gbọ́ ohùn yín mọ́. Ẹ ń sunkún. Kí ọmọ náà tó mọ nǹkan tó ń ṣe, ó ti húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta bí Bàbá ṣe máa ń húkọ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ó sì ti pè yín ní Àbẹ̀kẹ́.

Ẹ bi í pé kí ló ń fi gbogbo ọjọ́ ṣe. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rántí obìnrin àgbà kan tó máa ń mú pákó tí wọ́n kọ STOP sí lọ́wọ́ níwájú ilé ìwé Tọ́pẹ́ àbúrò rẹ̀, tó ń mú àwọn ọmọ sọdá títì. Ló bá ní òun ti ríṣẹ́. Ó ní àárín títì ni òun ń dúró sí, bí òun bá ti gbé ọwọ́ sókè, mọ́tò á dúró. Ẹ ní irọ́ ni. Ó ní tírélà gan-an ń dúró. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ní Ọ̀fà níbí, ewúrẹ́ yín kì í dúró fún Bàbá, ẹ jẹ́ kí tírélà máa dúró. Inú yín dùn. Ọmọ náà kò lè sọ pé òun kọ́ mọ́.

Báyìí ló ṣe di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí fóònù bá ti dún, ọmọ náà á gbé e sá lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹ ti ròyìn iṣẹ́ Bàbá fún gbogbo àdúgbò, lẹ bá ní kí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù Kúnlé, tòun ti aṣọ iṣẹ́, kí ẹ gbé e kọ́ pálọ̀. Wàhálà dé.

Ìyá ọmọ náà ní ẹ̀wù aláìlápá kan tó ń tàn yanranyanran, òun ló máa ń wọ̀ níbi iṣẹ́ kí ọkọ̀ tó ń gbẹ́rù má baà gbá a. Ọmọ náà fi wọ Bàbá. Ó ní òfin ilé ìwé ni pé àgbà tó bá fẹ́ wá mú ọmọ gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Bàbá gbà á gbọ́, wọ́n ní kí ló kù tí kò ní aṣọ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n lọ mú Tọ́pẹ́. Ọmọ náà mú Bàbá dúró sétí títì, ó ní kí wọ́n na ọwọ́ sókè díẹ̀, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, òun fẹ́ ya fọ́tò.

Obìnrin tó ń mú pákó ti fẹ̀yìntì láti ìgbà Kérésìmesì, ó ti lọ ń pẹja létí odò, ó ní ayé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwé kò tíì rí ẹni fi rọ́pò rẹ̀. Tíṣà kan ló ń sá síwá sẹ́yìn láàárín mọ́tò. Agogo lù, àwọn ọmọ tú jáde. Tírélà kan ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn rélùwéè, ẹsẹ̀ àwọn kan sì ti wà ní títì.

Bàbá kò wo kámẹ́rà mọ́. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ sí títì, wọ́n na apá ọ̀tún gbọọrọ, wọ́n fi ìka méjì sẹ́nu, wọ́n súfèé kan tí ajá gbogbo àdúgbò fi dáhùn. Tírélà mí fùùù, ó dúró. Bàbá kò yí ojú títí ọmọ tó gbẹ̀yìn fi sọdá. Wọ́n wá fi ọwọ́ òsì gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń ju àsíá, pé kó máa lọ. Ó sì lọ. Ọmọ náà kò rántí ya fọ́tò.

Ọ̀gá ilé ìwé jáde, ó ní níbo ni Bàbá ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Bàbá ní ibi tí ọkọ̀ kì í ti í yà fún ènìyàn ni. Ó ní ṣé wọ́n ń wáṣẹ́. Bàbá wo ọmọ náà, wọ́n wo títì, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé àwọn ń wá a.

Wọ́n yẹ ojú Bàbá wò, wọ́n kọ́ wọn fún ọjọ́ kan, wọ́n fún wọn ní pákó tiwọn. Màmá, ẹ bá mi yọ̀! Bàbá tó jẹ́ pé ọ̀sán ni wọ́n ń jí, àwọn ló ń jí gbogbo ilé báyìí. Wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣòkòtò wọn débi tó fi ń gé ènìyàn lọ́wọ́. Wọ́n ra ìbọ̀wọ́ funfun. Tọ́pẹ́ ti kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìkíni, òyìnbó, aláwọ̀ dúdú, ọmọ Mẹ́síkò, gbogbo wọn á tẹ orí ba, wọn á ní ẹ káàárọ̀ Bàbá, ohùn wọn á máa ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ọmọ tí kò bá kí wọn, wọn kò ní jẹ́ kó sọdá. Àwọn onítírélà ń fun fèrè fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan nínú wọn mú wọn mọ àwọn àgbà mẹ́ta tí wọ́n ti fẹ̀yìntì ní rélùwéè ibí, Sátidé ni wọ́n jọ ń mu kọfí, tí wọ́n jọ ń jiyàn lórí bíréèkì. Owó iṣẹ́ náà kéré. Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ìjọba, àwọn ì bá san owó kí wọ́n lè jẹ́ kí àwọn ṣe é.

Inú dídùn yìí ló tú àṣírí. Ẹ pè, Bàbá fúnra wọn já fóònù gbà, wọ́n ní Àbẹ̀kẹ́, mo ti ríṣẹ́ o! Ẹ ní iṣẹ́ wo tún ni, ṣebí wọ́n ti sọ ọ́ fún yín láti ọjọ́ yìí. Bàbá ní àwọn kò tíì sọ fún yín rí. Ẹ bi wọ́n pé kí ni ẹ jọ sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọn kò mọ̀ ọ́n. Lẹ bá ní Dàmọ́lá, ìwọ nìyẹn, fún ọkọ mi ní fóònù. Bàbá ní àwọn lọkọ yín. Ẹ ní ikọ́ yẹn kò jọ ti ọkọ yín rárá.

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́. Ìyá rẹ̀ pè yín, ó ṣàlàyé. Ẹ ní ó dáa, bó bá jẹ́ pé Dàmọ́lá ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀ láti ìgbà òtútù, ọkọ yín dà? Wọ́n pè yín lórí fídíò, ẹ ní Kúnlé ti sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà ń mú kí òkú jó. Fọ́tò tí wọ́n padà yà fún yín, tó jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri.

Lánàá, Bàbá ká ẹ̀wù iṣẹ́ wọn sórí àga. Wọ́n ní ẹkún ìyàwó àwọn wúwo ju títì lọ, pé lọ́jọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù yìí àwọn yóò dá pákó padà. Nítorí náà, èmi Alága Àgbà Pátápátá, ní orúkọ gbogbo ìgbìmọ̀, mo bẹ̀ yín kí ẹ foríji ọmọ náà, torí ìwà rere rẹ̀ àti

Màmá, ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyí tí Bàbá fi wọlé. Wọ́n dúró sẹ́yìn mi, wọ́n kà á láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní ta ni Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí. Wọ́n ní kí ọkùnrin ńlá náà jókòó, kí ọmọ kékeré náà dìde.

Èmi ni, Màmá. Kò sí ẹgbẹ́, kò sí ìgbìmọ̀. Lórí fóònù, mo lè di ẹni tó bá wù mí, ṣùgbọ́n bébà kò ní ikọ́. Ìgbà àkọ́kọ́, torí pé ẹ ń sunkún ni. Lẹ́yìn náà, torí pé ó dùn mọ́ mi ni. Ẹ sọ àwọn ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe fún etí mi, mo sì jókòó gbọ́ ọ. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ẹ foríjì mí.

Bàbá ní bí ẹ bá gbé fóònù lọ́jọ́ Àìkú, àwọn kò ní dá pákó padà. Nígbà ọlidé gígùn, tí ọmọ kankan kò ní sọdá, àwọn ń bọ̀ nílé kí ẹ fi ọwọ́ kan àwọn. Tí ilé ìwé bá wọlé, ẹ jọ máa padà wá ni, kí ẹ wá fi ojú ara yín rí tírélà. Wọ́n ní bí ẹ kò bá gba ẹnikẹ́ni gbọ́, kí n kọ èyí sílẹ̀ ní gbangba, kí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́: àwọn ni àwọn jẹ ẹja yẹn ní Jẹ́bbà, kì í ṣe ológbò. Mo ní ẹja wo? Wọ́n ní kò kàn mí, ẹ̀yin àti àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú, wọ́n wá lọ ń lọ ṣòkòtò ọ̀la.

Ẹ̀mí yín á gùn, Màmá. Ẹ ò ní fi ojú sunkún ẹni tó wà láàyè mọ́. Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Kúnlé, kí wọ́n má bínú pé mo pè wọ́n ní Ọ̀gbẹ́ni. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó wá bá yín kẹ́dùn, kí wọ́n dúró jẹun kí wọ́n tó lọ, kí wọ́n sì bèèrè ọ̀rọ̀ ẹja náà lọ́wọ́ yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Dàmọ́lá, òun fúnra rẹ̀.