Òrùlé Ilé-Ìwé Yín Kò Jò Mọ́

Bàámi àtàtà,

Òrùlé ilé-ìwé yín kò jò mọ́. Òun ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ fún yín. Páànù tuntun ló wà lórí kíláàsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà báyìí. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń gbé garawa sórí tábìlì nígbà òjò, tí ẹ ó sì máa kọ́ wa ní ìṣirò lọ, bí ẹni pé omi kò kán sí yín lọ́rùn. Ní gbogbo ọdún tí ẹ fi jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, ìwé ẹ̀bẹ̀ lẹ ń kọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ ti dágbére fáyé kí n tó di ẹni tó ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwé yín ṣì wà nínú fáìlì, Bàámi. Mo kà wọ́n.

Lọ́dún yìí, owó tó wọlé fún ìjọba ìbílẹ̀ wa kò tó nǹkan. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ohun tí a ó ṣe àti ohun tí a ó fi sílẹ̀. Níkẹyìn, ó ku méjì: òrùlé yín, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ilé ìlera ń fún àwọn àgbàlagbà ìlú wa lọ́fẹ̀ẹ́. Owó kò ká méjèèjì. Mo fa igi lé oògùn. Mo rò pé àgbàlagbà á ní ọmọ tí yóò ra oògùn fún un.

Ilé tèmi ní Ìjẹ̀bú-Òde náà kò rọrùn. Ẹran ti di ti ọjọ́ Ìsinmi nìkan. Mo lọ bá Màámi nílé, mo ní n kò ní lè máa fi nǹkan ránṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu.

N kò mọ̀ pé ilé ìlera yẹn ni Màámi ti ń gba oògùn wọn. Báwo ni n kò ṣe mọ̀, Bàámi? Nígbà tí wọn kò rí gbà mọ́, wọ́n ń dá hóró kan sí méjì kí èyí tó kù lè pẹ́. Nígbà tó tán, wọ́n dákẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, aládùúgbò bá wọn nílẹ̀ nídìí àdògán. Ọwọ́ ọ̀tún wọn kò ṣeé gbé mọ́.

Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà báyìí. Mo ń fi ṣíbí fún wọn ní ògì lọ́jọ́ tí mo jẹ́wọ́ fún wọn. Wọ́n gbé ẹnu kúrò.

“Ṣé torí bàbá ẹ ni?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní:

“Bàbá ẹ ì bá ra oògùn.”

Wọ́n wá la ẹnu.

Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ẹ ì bá fi òrùlé yẹn sílẹ̀ lóòótọ́?

Mo ti kọ̀wé pé kí a dá oògùn náà padà. Ọ̀gá mi ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo ń ra ti Màámi. Ti àwọn yòókù ńkọ́? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dé ilé ìlera. Àwọn àgbà kan ṣì jókòó lórí bẹ́ǹṣì, káàdì wọn lọ́wọ́. Ìyá kan tó mọ̀ yín di ọwọ́ mi mú.

“Ọmọ Tíṣà, ṣé ó ti dé?”

Mo ní ó kù díẹ̀. Irọ́ ni mo pa. Gbogbo wọn sì súre fún mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tí àárò yín ń sọ.