Ìgò Tí Wọ́n Kọ Orúkọ Ìyàwó Mi Sí

Ìyá mi,

Ọmọ yín ní Sókótó ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ pé n kò mọ̀wé. Àṣàkẹ́, ọmọ mi obìnrin, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti sọ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fo ọ̀kan, kó má sì tún un ṣe kó dùn.

N kò lè jókòó láti àárọ̀. Mo rán ọrùn bùbá kan, mo tú u. Mo jáde dé ojú títì, mo padà wọlé. Ojú Àṣàkẹ́ ló ń wú. Bó bá jí, ìpéǹpéjú rẹ̀ á ti kún. Bí mo bá fi ìka tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú ibẹ̀ kì í tètè dìde. Bí ti ìyá rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ní kó lọ sí ọsibítù, ó kọ̀. Ó ní àwọn dókítà rí eruku bọ́ǹbù lára ìyá òun, wọ́n sì parọ́ pé kò sí nǹkan.

Ẹ ti lọ sọ́run, ẹ kò dúró gbọ́ ti bọ́ǹbù náà. Àwọn Faransé ló yìn ín nínú aṣálẹ̀, lókè ọ̀hún. Ọyẹ́ gbé eruku dé bó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ojú burúkú ni gbogbo ènìyàn fi ń wò ó. Ìyàwó yín, ìyá Àṣàkẹ́, da èlùbọ́ tó sá sórí páànù nù. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbélé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń bá afẹ́fẹ́ jà, ṣùgbọ́n àwọn náà ń fi ọmọrí méjì dé ìkòkò omi wọn.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó ń ké tẹ́kẹ́tẹ́kẹ́. Wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n wọn omi, wọn kò sọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n kọ orúkọ wa sára ìgò, wọ́n ní kí kálukú tọ̀ sínú tirẹ̀, àwọn á wá gbà á lọ́jọ́ kejì.

Ìyá mi, ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣa irun wa nílẹ̀ bí wọ́n bá fá orí wa tán? Èékánná pàápàá, ẹ kì í jẹ́ kó wà níta. Ẹ ní ohun tó bá ti ara ènìyàn jáde kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Ohun tí mo rántí nìyẹn. Ìyàwó yín ti tọ̀ sínú ìgò rẹ̀. Mo dà á sí ṣáláńgá, mo fọ ìgò náà, mo sì tọ̀ sínú rẹ̀. Mo ní bó bá jẹ́ ibi ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, èmi ni kó bá.

Nígbà tí ojú rẹ̀ wá ń wú, dókítà wo ìwé tí wọ́n kọ nípa ìgò náà. Ó ní ìtọ̀ rẹ̀ mọ́, kíndìnrín rẹ̀ dára, ẹ̀jẹ̀ ni kò tó. Ó fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀. Mo dúró síbẹ̀. N kò sọ pé ìtọ̀ mi ni. Ojú ń tì mí níwájú àwọn nọ́ọ̀sì. Mo ní n ó sọ ọ́ lọ́la. Ó wú títí ó fi kú. Nígbà tí àwọn ènìyàn ní eruku ni, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni mo jẹ́ kí Àṣàkẹ́ gbà bẹ́ẹ̀.

Bóyá eruku náà ni lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó padà wá sọ ohun tí ẹ̀rọ wọn rí, n kò sì ní gbè wọ́n. Ṣùgbọ́n irọ́ tí dókítà yẹn kà, èmi ni mo fi rán an.

Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Ṣé ẹ ì bá dà á nù?

Àṣàkẹ́ ti dáwọ́ dúró. Mo ní kó kọ ọ́. Ó ti kọ ọ́. N kò ní kó dárí jì mí. Mo fẹ́ kó wà láàyè kó máa bínú sí mi.

Kò pè mí ní Bàbá. Ó kàn ní kí n tètè parí rẹ̀, pé lọ́jọ́ Jímọ̀ bí òní, dókítà kì í pẹ́ ní ọsibítù kó tó lọ.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí inú sì ń bí sí yín díẹ̀.