Ẹni Tí Yóò Máa Pe Waldi Wálé

Èmi, Emil Rudi Jenschke, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ará Hill Country ní Texas, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Ó pé ju ti gbogbo olùkọ́ iléèwé wa lápapọ̀. Ọ̀la ni dókítà yóò gé ẹran tó wú lọ́nà ọ̀fun mi, pẹ̀lú ọ̀bẹ tó gùn tó òpó iná. Bí n kò bá jí, tàbí bí mo bá jí tí ohùn mi kò jí, kí Màmá pín ogún mi báyìí:

ÌKÍNNÍ. Kẹ̀kẹ́ mi di ti Liesel, ẹ̀gbọ́n mi, bó tilẹ̀ ní, "Ẹran bíńtín ni wọ́n fẹ́ gé, o wá ń ṣe bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gé lórí." Táyà iwájú ti jò. Kó máa fẹ́ atẹ́gùn sí i.

ÌKEJÌ. Àga Ópa, bàbá wa àgbà, tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má jókòó sí i. Láti ìgbà tí a ti sin Ópa, kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ Jámánì tiwa, èyí tí àwọn baba ńlá wa gbé wá síbí. Màmá kò gbọ́ ọ. Liesel ní èdè arúgbó ni.

ÌKẸTA. Waldi, ajá wa. Ẹ pariwo Gẹ̀ẹ́sì títí ilẹ̀ á fi ya, kò ní mira. Èdè Ópa nìkan ló gbọ́. Tí ẹranko onílà funfun tó ń tú òórùn síni lára bá ti wọ ọgbà wa, Ópa á kígbe orúkọ rẹ̀ lédè wa, tó túmọ̀ sí ológbò òórùn, Waldi á sì sá wọlé. Èmi ló ń kígbe "Stinkkatz!" báyìí. Ó máa ń pẹ́ kó tó wá. Mo rò pé etí rẹ̀ ti ń di. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pẹ́ jù, òórùn wa dé Mẹ́síkò.

ÌKẸRIN. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè orí íńtánẹ́ẹ̀tì: mo bi yín báwo la ṣe ń ṣèwádìí èdè tó kù sẹ́nu ẹnìkan. Ẹ bi mí pé àwa mélòó ló ń sọ ọ́. Mo ní èmi àti ajá mi. Ẹ ní, "Ṣé ajá yẹn ti gboyè ọ̀mọ̀wé?" Mo bá yín rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo pa fóònù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Odile Marchand ti Winnipeg nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ pé, "Àbúrò, wo inú ilé yín dáadáa. Ẹni tó gbọ́ èdè ní kékeré, tó wá ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, lè wà níbẹ̀." Kò mọ ilé wa ni. Síbẹ̀, òun ni mo fi pípe Waldi sílẹ̀ fún. Kí Màmá máa gbé fóònù sétí ajá nírọ̀lẹ́.

ÀFIKÚN. Mo gbé ìwé yìí fún Liesel ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó buwọ́ lù ú. Ó kà á dé Ìkẹta, ó ju bírò sílẹ̀. "Òmùgọ̀! Stinkkatz kọ́. Stinkkatze! Ópa kì í gé ìparí rẹ̀ jẹ."

Waldi, tó ń sùn lábẹ́ àga, ti wọlé kó tó panu dé. Etí rẹ̀ ò di rárá. Tí mo bá pè é, àánú mi ló ń ṣe é tó fi ń wá.

Nítorí náà mo pa Ìkẹrin rẹ́. Kí Màmá kọ̀wé sí Ọ̀jọ̀gbọ́n pé ó rí ilé wa láti Winnipeg. Waldi di ti Liesel. Mo pa Ìkejì rẹ́ pẹ̀lú: bí mo bá jí láìlóhùn, kí Liesel jókòó sí àga Ópa, kó máa sọ èdè wa. Èmi náà á gbọ́.

Ìbuwọ́lùwé: Emil Rudi Jenschke
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹta, ọdún 2023
Àwọn ẹlẹ́rìí: Liesel Jenschke, Waldi (àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìyí, ẹ má bínú sí ẹrẹ̀)