Ẹ̀jẹ̀ Tó Lè Bá Habiba Mu

Ẹ̀gbọ́n mi Rájí,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ara wa le ní Madina, àyàfi Habiba àbúrò wa.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ O tí ẹ ní ó bá gbogbo ènìyàn mu sí i lára, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Àmì kan wà lára ẹ̀jẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ènìyàn ló ní in. Habiba kò ní in, a kì í sì í yẹ̀ ẹ́ wò lára àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un ti dúró. Mo yẹ gbogbo àwa ọmọ ìyá tó wà níbí wò ní lábù tí mo ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, gbogbo wa la ní àmì náà, ẹnikẹ́ni kò bá a mu. Ẹ̀yin nìkan ló kù. Mo ní kí ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, ohun tí ẹ fi dá mi lóhùn sì ni, "Tàíbátù, ṣé o fẹ́ ta ẹ̀jẹ̀ mi ni?" Ẹ̀yin náà lẹ rán mi lọ kọ́ iṣẹ́ yìí o!

Ọlọ́hun á ṣọ́ yín. Mo kọ orúkọ àmì náà sẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ẹ fi hàn wọ́n nílé ìwòsàn lọ́la, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lára yín, kí ẹ sì pè mí.