Nítorí Àwọn Tó Ń Ra Bọ́ńtò

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta 2025
Bọ̀dá Dominic, ẹ̀gbọ́n mi, mú Onítáì wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ — aṣojú iléeṣẹ́ fóònù olówó ńlá, láti Àkúrẹ́. Nínú ooru Òkìtìpupa yìí, ó so táì mọ́rùn. Ó ní iléeṣẹ́ àwọn á kun ṣọ́ọ̀bù fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, kí n ṣáà kó gbogbo Bọ́ńtò, fóònù olówó pọ́ọ́kú tí mò ń tà, kúrò. Ó fi ìka méjì gbé ọ̀kan sókè bí ẹni gbé òkú eku. Ó ní fóònù tálákà ló ń sọ ọjà mi di yẹpẹrẹ. Mo ní, "Ṣé tálákà kì í sọ̀rọ̀ ni?" Bọ̀dá ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. N ò gbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Bọ̀dá ò dáhùn ìkíni mi. Kí wọ́n máa bínú lọ.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ìyá Tófúnmi, oníbàárà mi, wá láti Igbódìgò, ẹrẹ̀ oko lẹ́sẹ̀, Bọ́ńtò tó rà nígbà Kérésì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tófúnmi ti bímọ ní Ìbàdàn. Ó ní báwo lèèyàn ṣe ń rí ojú nínú fóònù? Mo bá a pè é. Àwòrán ń ṣe bàìbàì — n ò ní purọ́, Bọ́ńtò ò dáa tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ yẹn yán. Màmá pariwo: "Ẹ wo iwájú orí! Ìyá mi rèé!" Ló bá ń kì í, ó ń kì í, títí dátà fi tán.

Ọjọ́ Àìkú, 9
A ò tíì bọ́ sùtánà ìsìn tí Sísítà Rose inú ìjọ wa ti ní òun gbọ́ pé mo kọ oore. Ó ní orí kunkun kì í kọ́lé. Mo ní kì í wólé náà.

Ọjọ́rú, 12
Bàbá Àjíṣafẹ́, tó ni ilé tí ṣọ́ọ̀bù mi wà, pè mí. Wọn ò lè wojú mi. Àwọn Onítáì ló máa gba ṣọ́ọ̀bù. Kí n kó jáde kí oṣù tó parí. Ta ló mú wọn dé ọ̀dọ̀ Bàbá? Ilé Bọ̀dá ni mo gbà lọ tààrà. Bọ̀dá ń jẹ púpurù. Wọn ò sẹ́. Wọ́n ní ire mi làwọn ń wá. Mo ní, "Ẹ ti gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi. Ẹ ò lè gba ẹnu mi." Mo sunkún lórí ọ̀kadà. Ọlọ́kadà ò mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 31
Tábìlì kan, agboòrùn kan, ẹ̀gbẹ́ gáréèjì Ìrẹ̀lẹ̀. Ìyá Tófúnmi fi bẹ́ǹṣì ránṣẹ́. Ọjà tà ju ti inú ṣọ́ọ̀bù lọ. Háà!

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Oṣù Kẹrin
Iléeṣẹ́ Bọ́ńtò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láàárọ̀ sí gbogbo àwa tá à ń tà á. Wọn ò ní ṣe fóònù olówó pọ́ọ́kú mọ́. Àwọn náà ń wá olówó.

Ó dùn mí wọra.

Bọ̀dá ti gbọ́. Wọ́n wá dúró síwájú tábìlì mi. "Salome, ṣó o rí i? Àwọn tó o torí wọn bá mi jà nìyẹn."

Mo ní, "Bọ̀dá, n ò torí Bọ́ńtò bá yín jà rí."

Obìnrin ẹlẹ́ja kan wà lẹ́yìn wọn, igbá lórí. Ó ń béèrè èyí tí agbára òun lè ká nínú fóònù, kóun lè máa gbóhùn ọmọ òun ní Wárì. Kíá ni mo ti ránṣẹ́ sí Orè fún irú fóònù olówó pọ́ọ́kú mìíràn. Méjì ti dé.

Mo ní kí Bọ̀dá sún, kí oníbàárà mi ráyè jókòó.

Wọ́n sún.