Bàbá Mi, Omi Ni Mò Ń Gbé Kiri

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé o, Yèyé mi, ẹ kú òtútù orí òkè Ẹ̀fọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi Gídíónì àti ìyàwó wọn, mo kí yín. Ẹ̀yin ìyá mi gbogbo nínú agboolé, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ símẹ́ńtì yàrá mi ní Ìrókò níbí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Bàbá, ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti rí lẹ́tà ọmọ yín. Mẹ́ta ni mo ti fi ránṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti dé ibí, n kò rí èsì ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ kì í já wọn, pé ẹ kàn ń kó wọn sí àárín Bíbélì ńlá. Ṣùgbọ́n mo mọ bàbá mi. Ìwé ìròyìn tí ó bá ti wọ ilé yín, ẹ óò kà á dé ibi tí wọ́n ti ń polówó ọṣẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tọ̀ yín wá. Ẹ bá mi fi rẹ́rìn-ín.

Ọdún kẹta rèé tí ẹ ti ní kí n má gbé ẹsẹ̀ wọ ilé yín títí n ó fi jáwọ́ nínú iṣẹ́ oògùn, nítorí ìjọ wa kì í lo oògùn. Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju kí ẹ jẹ́ kí n wálé lọ. Kí n tó bẹ̀bẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn iṣẹ́ náà fún yín, nítorí ẹ kò bi mí rí ohun tí mò ń ṣe gan-an.

Omi ni mò ń fà sí àwọn aláìsàn lára. Omi tí wọ́n po iyọ̀ díẹ̀ mọ́ ni, inú ìgò ló máa ń wà. A óò fi okùn gbé ìgò náà kọ́ sókè, omi á gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sọ̀ kalẹ̀ sínú abẹ́rẹ́ tí mo ti fi sí iṣan apá, á máa kán tó, tó, tó. Ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ, tí kò lè gbé nǹkan mì mọ́, ni a máa ń ṣe é fún. Ilé ìwòsàn jìnnà sí oko, àwọn mìíràn kì í bá ìrìn náà débẹ̀. Wọ́n wá ní kí nọ́ọ̀sì máa gbé omi lọ bá wọn nílé. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, ọ̀nà oko là ń tọ̀. Ọjọ́ Ẹtì, ilé ìgbẹ̀bí kan lọ́nà Ẹ̀gbẹ́dá ni mo máa ń wà. Múfútáù ló ń wa ọkọ̀ jíìpù wa, ọmọ Ìbàdàn ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó ní bí mo bá ń sọ Èkìtì, àfi bí ẹni tó ń bá ewúrẹ́ jà. Èmi náà ní tiwọn ńkọ́, tí wọ́n ń fi èébú kí ara wọn láàárọ̀.

Òjò ọdún yìí pọ̀. Ẹrẹ̀ a máa gbé ọkọ̀ wa mì dé ìdajì táyà, èmi àti àwọn àgbẹ̀ la óò sì jọ tì í. Ìyá onílé mi jẹ́ Mùsùlùmí, ó ń tọ́jú mi bí ọmọ. Nígbà ààwẹ̀, ó ń jí mi jẹ sààrì bí ẹni pé èmi náà ń gbà á. Síbẹ̀, ilé ń wù mí. Tí ó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, tí mo bá gbọ́ agogo ìjọ, ọkàn mi a bàjẹ́. Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, kò sí ẹni tó fi oríkì mi pè mí ní Àjíkẹ́ rí. Nọ́ọ̀sì ni tọmọdé tàgbà ń pè mí.

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n wá pè wá sí abúlé kan lẹ́yìn Ìrókò. Ìyàwó olórí ìjọ Aládùúrà ibẹ̀ ni àìsàn gbé ṣánlẹ̀, Ìyá Rúùtù ni wọ́n ń pè é. Ó ti di ọjọ́ kejì tí ó ti ń bì, tí ó sì ń yàgbẹ́, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ọkọ rẹ̀, àgbàlagbà tó wọ aṣọ funfun, jókòó tì í, ó ń fi ife bu omi àdúrà fún un. Bí ìyá náà bá ti gbé e mì, á tún bì í padà. Bàbá, ẹnu ọ̀nà ni mo ti dúró. Àbúrò mi Sámúẹ́lì ni mo rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí lọ́jọ́ tí ó kú, tí ẹ̀yin náà jókòó tì í tẹ̀yin ti ife.

Bàbá aláṣọ funfun náà ní àwọn kì í lo oògùn. Mo ní mo mọ̀, pé ilé tí wọn kì í ti í lò ó ni wọ́n ti bí mi. Mo ní ohun tó wà nínú ìgò yìí kì í ṣe ewé, kì í ṣe egbò, omi ni. Ẹnu ìyá kò gba omi mọ́, ni mo ṣe fẹ́ bá a gba ọ̀nà mìíràn. Ó wò mí títí, ó bi mí bóyá omi ni lóòótọ́. Mo ní omi ni, àti iyọ̀. Ó ní Èlíṣà náà da iyọ̀ sómi, kí n máa ṣe é.

Iṣan ìyá ti sá wọlé, ìgbà kẹta ni mo tó rí i mú. Mo so ìgò mọ́ igi àjà, omi ń kán. Mo kìlọ̀ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ nìkan ni mo dárúkọ, n kò dárúkọ ìgò. Mo wá yà sí ilé kejì láti wo ọmọ kan tí iná jó lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlànà ìjọ, ẹ ti lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Omi tí wọ́n bá fẹ́ fún aláìsàn, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí, kí àwọn ará tó kúnlẹ̀ yí i ká. Èmi ni mo sì fi ẹnu ara mi sọ pé omi ni. Bàbá náà bá tú okùn, ó rọra gbé ìgò sílẹ̀ lẹ́bàá ẹní, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Sáàmù. Bàbá mi, òkè ni ìgò yẹn gbọ́dọ̀ wà kí omi tó lè ṣàn sínú ara. Bí ó bá ti relẹ̀ ju apá lọ, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ni yóò máa bọ̀ wá sínú rọ́bà.

Igbe ni mo gbọ́. Kí n tó sáré débẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gba rọ́bà dé ìdajì. Obìnrin kan ń pariwo pé nọ́ọ̀sì ti ń fa ẹ̀jẹ̀ ìyá ìjọ. Ọkùnrin kan ti di abẹ́rẹ́ mú, ó fẹ́ fà á yọ. Mo já ìgò gbà, mo nà án sókè ju orí mi lọ. Ìṣojú gbogbo wọn ni ẹ̀jẹ̀ náà ṣe ń padà díẹ̀díẹ̀, títí rọ́bà fi mọ́. N kò ní purọ́ fún yín, inú bí mi, gbogbo èébú tí Múfútáù ti kọ́ mi ló ti dé ètè mi.

Ṣùgbọ́n Bàbá náà dìde. Ó ní kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, òun lòun tú okùn, ẹnì kan kò rán òun. Ó wá kọjú sí mi, ẹni tó tó bí mi lọ́mọ, ó bẹ̀ mí. Ó ní kí n kọ́ òun bí àwọn ṣe lè gbàdúrà sí omi náà tí kò fi ní di ewu fún ìyàwó òun. Inú mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo ní èmi gan-an jẹ̀bi, nítorí mo mọ ìlànà wọn, n kò sì bi wọ́n léèrè. Mo ní kí wọ́n máa gbàdúrà sí i kí a tó gbé e kọ́. Tí ó bá ti wà lókè, kí wọ́n jẹ́ kó wà lókè, Ọlọ́run kò jìnnà sí àjà.

Nígbà tí ìgò àkọ́kọ́ ku díẹ̀, mo gbé èkejì lé Bàbá náà lọ́wọ́ kí ó gbàdúrà sí i. Àdúrà náà gùn! Mò ń wo omi, mò ń wo ẹnu rẹ̀, ìgbà tí mo rí i pé omi fẹ́ tán pátápátá, mo ké Àmín ńlá kan láti fi bá a parí rẹ̀. Àwọn ará náà ké e tẹ̀lé mi. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Ìyá Rúùtù ní òun fẹ́ tọ̀. Àmì pé omi ti padà sí ara ni, ẹ kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dùn létí nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà, ó béèrè ẹni tó bá òun bọ́ adìẹ.

Láti ọjọ́ náà, àwọn ìjọ Aládùúrà ní àwọn abúlé mìíràn ti ń ránṣẹ́ pè wá. Bí a bá dé, a óò kọ́kọ́ gbé ìgò lé àgbà ìjọ lọ́wọ́, Múfútáù á sì sùn sínú ọkọ̀ títí wọn ó fi parí.

Bàbá mi, ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ nínú mi. Mo rò pé lọ́jọ́ tí mo ní mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ gbọ́ ọ bí ẹni pé mò ń sọ pé ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí Sámúẹ́lì kú. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo rí yín lọ́jọ́ náà. Ẹ kò sùn, ẹ kò jẹun, ife kò kúrò lọ́wọ́ yín. Omi lẹ fẹ́ kó wọ inú ọmọ yín. Omi yẹn náà ni mò ń gbé kiri oko lónìí, ọ̀nà tó gbà wọlé nìkan ló yàtọ̀. Iṣẹ́ yín ni mò ń ṣe.

Yèyé mi, owó aṣọ òtútù yín wà lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ìjọ, ẹ kí àwọn ará ilé òkè àti ti ìsàlẹ̀, ẹ kí àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí mo ti kúrò nílé, tí wọn kò mọ̀ mí. Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ kò ní fi ojú sunkún ọmọ mọ́, Ọlọ́run tí ẹ ń sìn kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ yín.

Bàbá, wọ́n fún mi ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan nígbà Kérésìmesì, mo sì ń bọ̀. N kò tíì jáwọ́, n kò sì ní purọ́ pé mo ti jáwọ́. Ìgò kan yóò wà nínú àpótí mi. Bí mo bá kan ilẹ̀kùn, kí ẹ tó ní kí n padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, kí ẹ gbàdúrà sí i. N ó kúnlẹ̀ síta títí ẹ ó fi parí.

Èmi ni ọmọ yín,
Dọ́káàsì